Bí Eré Kẹ̀kẹ́ Bá Máa Gba Iwájú Ilé Yín Kọjá

Lẹ́tà lórí eré kẹ̀kẹ́ ológeere pọ̀ nínú àpò wa lóṣù yìí, pàápàá láti àwọn ìletò tó wà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìdànrè, Àkúrẹ́ sí Oǹdó àti Àkúrẹ́ sí Adó-Èkìtì. Àwọn kan ti gbọ́ pé ìdíje máa gba ojú títì wọn kọjá. Àwọn mìíràn ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì fẹ́ mọ ìdí tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ fi ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe. A kó àwọn ìbéèrè tó jọra pọ̀. Ohun kan ló wà nídìí gbogbo ìdáhùn wa: eré yìí kò ní ọgbà, kò ní géètì, kò sì sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀bá ọ̀nà yín gan-an ni pápá rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wòran ni púpọ̀ nínú ààbò àwọn agunkẹ̀kẹ́ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní aago 9 àárọ̀ ni eré máa gbéra ní Àkúrẹ́. Yóò yí ká kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì ní ilé wa bọ́ sí kìlómítà 84. Aago mélòó gan-an ni ká jáde, ká má baà dúró sóòrùn lásán? — Olùkọ́ kan, Bọ́lọ́rundúró

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, Tíṣà. Ẹ fi eré tí wọ́n ń sá ní wákàtí kan pín kìlómítà náà. Lójú títì tó tẹ́jú, agbo àwọn tó fi kẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ ṣe máa ń sá kìlómítà 40 sí 45 ní wákàtí kan. Bí òkè bá pọ̀, tàbí tí títì bá rí gbágungbàgun, ó lè já wálẹ̀ sí 36. Bí wọ́n bá ń sá 42, wákàtí 2 géérégé ni wọn ó fi rin kìlómítà 84. Bó bá jẹ́ 36, wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 20 ni. Ìdí nìyí tí ìwé ètò eré fi sábà máa ń kọ àkókò mẹ́ta síwájú orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan: ti bí wọ́n bá yára, ti bí wọ́n bá ṣe déédéé, àti ti bí wọ́n bá falẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ní ìwé yẹn lọ́wọ́, ẹ yá a, kí ẹ ya fọ́tò ojú ewé tí orúkọ ìlú yín wà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún aago 9 tó wà lára pósítà. Àárín ìgboro ni wọ́n sábà ti ń gbéra, wọ́n á sì rọra tẹ̀lé ọkọ̀ ọ̀gá eré jáde kúrò nílùú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ ya ọkọ̀ yẹn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n pè ní kìlómítà òdo ni ọ̀gá eré á ju àsíá, ibẹ̀ sì ni kíka 84 yín ti bẹ̀rẹ̀. Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ yẹn lè gba ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ fi kún un: láàárín aago 11:15 sí 11:40 ni kí ẹ máa retí wọn. Kí ẹ ti wà ní ààyè yín ní aago 10:30, torí wọ́n á ti dí títì nígbà yẹn, ẹni tó bá wà lódìkejì kò ní lè kọjá mọ́.

Àwọn tó ń bọ̀ ṣáájú agbo náà á sọ fún yín. Ọlọ́pàá orí alùpùpù á kọ́kọ́ kọjá pẹ̀lú iná àti fèrè. Lẹ́yìn wọn ni ọkọ̀ tó gbé àsíá pupa, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti ọ̀gá eré àti ti àwọn adájọ́. Bí ẹ bá ti rí àsíá pupa, kí ẹnikẹ́ni má fẹsẹ̀ kan títì mọ́. Ní Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ọlọ́pọ̀ ọjọ́ ti ilẹ̀ Faransé, ọ̀wọ́ ọkọ̀ ìpolówó ọjà tún máa ń ṣáájú ní bíi wákàtí 2, tí wọ́n á máa ju fìlà àti bisikíìtì sí àwọn èrò. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe é. Eré kékeré kì í ní irú rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ẹ̀bùn dá àwọn ọmọ lọ́kàn le.

Ẹ gbọ́ èyí náà kó má baà dùn yín: ní kìlómítà 45 ní wákàtí, mítà 12 àbọ̀ ni wọ́n ń rìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí agbo èèyàn 150 bá gùn tó mítà 150, ìṣẹ́jú-àáyá 12 ló máa fi kọjá. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ fóònù kò ní rí nǹkan kan. Ibi tí ẹ bá dúró sí ló máa sọ bóyá ẹ ó wò ó tẹ́rùn.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, títì sì ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ dúró síbẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni eré gidi máa wà. Ṣé ó dára? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, Aládé-Ìdànrè

ÌDÁHÙN: Rárá o, Ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró síbẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ eré lè máa sá kìlómítà 70 sí 80 ní wákàtí kan, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó lè gba kọ́nà láìtẹ bíréèkì púpọ̀, á kọ́kọ́ fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìta, á já wọ inú títí táyà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko, á sì tún fẹ̀ jáde. Ibi méjì ló léwu níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni etí inú kọ́nà, níbi tí kẹ̀kẹ́ á ti dagun tí orí àti èjìká ẹni tó gùn ún á yọ kọjá etí ọ̀dà. Ọmọ tó bá na ọwọ́ níbẹ̀ á gbá a. Ìkejì ni ẹ̀gbẹ́ ìta níbi tí kọ́nà ti parí, torí ibẹ̀ ni ẹni tí táyà rẹ̀ bá yọ̀ máa gbá lọ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ eré kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 25 sí 32 lọ. Ibi tó fi kan ilẹ̀ kò tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé, nítorí náà iyanrìn díẹ̀ tí àgbàrá wọ́ sójú kọ́nà ti tó láti gbé àgbàlagbà ṣubú.

Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ibi tí títì ti ń gun òkè. Kò sí ibi tó dára bẹ́ẹ̀. Lórí òkè tó ga dáadáa, wọ́n lè máà sá ju kìlómítà 18 ní wákàtí lọ, ìyẹn mítà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Agbo á ti tú, wọ́n á máa kọjá lẹ́yọ lẹ́yọ àti ní méjì méjì, ẹ ó rí ojú wọn, ẹ ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ẹ dúró sẹ́yìn gọ́tà. Bí kò bá sí gọ́tà, ẹ fi mítà 2 sílẹ̀ sí etí ọ̀dà. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn kó má baà fọ́ yín lójú. Kí àgbàlagbà kan wà láàárín ọmọ kọ̀ọ̀kan àti títì, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ti gidi. Ìkìlọ̀ ẹnu kì í dá ọmọ dúró nígbà tí ariwo bá sọ.

Ẹ má sáré tẹ̀lé agunkẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má tì í lẹ́yìn gun òkè, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, torí òun ni adájọ́ lè fìyà jẹ. Ẹ má sì da omi sí i lára. Àánú ló ń mú wa ṣe é, a mọ̀, ṣùgbọ́n omi tó bá dé ojú rẹ̀ lójijì á fọ́ ọ lójú fún ìgbà díẹ̀, àwọn mẹ́wàá sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò jìnnà tó ọ̀pá kan. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ tiwọn tó ń fún wọn lómi àti oúnjẹ. Àtẹ́wọ́ àti igbe ni kí ẹ fún wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ.

ÌBÉÈRÈ: Etí títì ni gbogbo wa ń sá kòkó sí ní abúlé wa, àwọn obìnrin sì ń sá láfún síbẹ̀. Ṣé a gbọ́dọ̀ kó gbogbo rẹ̀ kúrò, àbí ká kàn fà á sẹ́yìn díẹ̀? — Àgbẹ̀ oníkòkó kan, nítòsí Òwèna

ÌDÁHÙN: Ẹ kó o kúrò pátápátá, Bàbá, kó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré. Fífà á sẹ́yìn kò tó, torí agbo kẹ̀kẹ́ kì í rìn láàárín títì bí ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tò ní ìdagun láti etí títì kan dé èkejì kí oníkálukú lè sá sábẹ́ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó kẹ́yìn ìlà á sì máa gun etí ọ̀dà gan-an. Ibẹ̀ náà ni kòkó yín wà. Ẹyọ kòkó gbígbẹ máa ń yí lábẹ́ táyà bí òkúta wẹ́wẹ́. Tútù rẹ̀ tún burú jù, torí omi rẹ̀ ń yọ̀. Ní ti láfún, ìyẹ̀fun rẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń ṣáájú máa gbé sókè sójú àwọn tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá ti kó o tán, ẹ fi ìgbálẹ̀ líle gbá etí ọ̀dà wọ inú tó mítà kan, torí ẹyọ tó kù sílẹ̀ ni ìṣòro. Ibi tí omi kòkó bá ti gbẹ mọ́ ọ̀dà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́ kó lè gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ọlọ́kadà bá ń dúró síbẹ̀ tí ọ́ìlì ti kán sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ da ìyẹ̀fun pákó láti ilé ìlapákó sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan kó mu ún, ẹ gbá a, kí ẹ tó fọ̀ ọ́.

Kòkó fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 5 sí 7 ló ń lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kí ẹ tó sá a, oòrùn bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò sì gbẹ ẹ́. Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ eré, ẹ fọ́ ọ ní bí ọjọ́ 5 ṣáájú, kí ọjọ́ tí ẹ máa kó o jáde bọ́ sí ẹ̀yìn eré. Èyí tó ti wà nínú oòrùn tẹ́lẹ̀, ẹ má kó o jọ sínú àpò di ọjọ́ kejì, á bu. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ ọparun tó ga kúrò nílẹ̀ nínú agbolé, kó má nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, kí ẹ máa rò ó lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Bó bá gbẹ dáadáa, ìdá 7 nínú 100 péré ni omi tó máa kù nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bó ṣe ń ró wòròwòrò tí ẹ bá kì í mọ́wọ́. Lójú tiwa, kí ẹ má tilẹ̀ dá a padà sórí títì mọ́. Èéfín ọkọ̀ àti iyanrìn ń ba a jẹ́, ẹni tó ń ra kòkó sì mọ̀ ọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ewúrẹ́, ajá, adìẹ: báwo la ṣe máa ṣe wọ́n? — Láti ọ̀dọ̀ òǹkàwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ so ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ́lẹ̀ láti òru, kí ẹ sì já ewé fún wọn kó pọ̀, torí ewúrẹ́ tí ebi ń pa á já okùn dandan. Ẹ má ṣí ilé adìẹ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí àwọn darandaran bá ń gba ọ̀nà yín kọjá, kí ẹni tó mọ̀ wọ́n lọ bá wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kó sì sọ wákàtí tí títì máa dí. Bí ìgbẹ́ màlúù bá wà lójú ọ̀dà, ẹ fi ṣọ́bìrì há a kúrò.

Ajá ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Ewúrẹ́ á sá kúrò níbi ariwo, ajá á sá lọ síbẹ̀. Ní Tour de France ọdún 2007, ajá ńlá kan rìn wọ ojú títì, Marcus Burghardt ará Jámánì kọ lù ú, táyà iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ká. Nínú eré ọdún kan náà, ajá mìíràn gbé Sandy Casar ará Faransé ṣubú. Ó dìde, ó sì borí lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n irú orí ire bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbójú lé. Ẹ ti ajá mọ́ yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Ẹ má fi okùn gígùn fà á wá síbi ìran. Bí ajá bá bọ́ sódìkejì títì tí olówó rẹ̀ wà níbí, okùn yẹn ti di ohun tí wọ́n fi dínà fún àádọ́jọ èèyàn.

ÌBÉÈRÈ: Àwa ọ̀dọ́ abúlé fẹ́ fi òkúta àti yẹ̀pẹ̀ pupa dí kòtò tó wà lójú títì, ká sì hú bọ́ǹpù méjì tí àwọn bàbá wa ṣe. Ṣé a ṣe dáadáa? — Lójú ọ̀nà Ìta-Ògbólú

ÌDÁHÙN: Inú wa dùn sí èrò yín, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àti alùpùpù tó ń ṣáájú eré pọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n á ti fọ́n òkúta yẹn ká orí ọ̀dà, yẹ̀pẹ̀ náà á di eruku, tàbí ẹrẹ̀ bí òjò bá rọ̀. Kòtò tí wọ́n ń wò lókèèrè sàn ju òkúta tí wọn kò rí lọ. Bọ́ǹpù náà bẹ́ẹ̀: agunkẹ̀kẹ́ tó mọṣẹ́ á dìde lórí ìjókòó, á rọ apá, á sì gun ún kọjá. Bí ẹ bá hú u, etí ọ̀dà tó kù máa mú bí ọ̀bẹ. Táyà á gbá a, etí náà á fi rọ́ọ̀mù pa túùbù pọ̀, ihò méjì á sì lu lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tó wúlò ni pé kí ẹ rin títì náà láti ìpẹ̀kun abúlé kan dé èkejì, kí ẹ kọ gbogbo kòtò àti bọ́ǹpù sílẹ̀: iye mítà tó fi jìnnà sí ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀, bíi ilé ìjọsìn tàbí ilé ìwé, apá ọ̀tún ni tàbí òsì, bó ṣe jìn tó ní sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ya fọ́tò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò eré ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè fi ọ̀dà dí i, tàbí kí wọ́n yan ẹni tó máa dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àsíá yẹ́lò àti fèrè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kùn ún yí ká, ìlà funfun tín-ín-rín ni kí ẹ lò, torí ọ̀dà ìkùnlé máa ń yọ̀ bí omi bá kàn án.

ÌBÉÈRÈ: Mo máa ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin á sá lọ, agbo á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi fi ìṣẹ́jú 5 ṣáájú. Kí ló dé tí wọn kì í lé wọn? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Afẹ́fẹ́ ni. Lójú títì tó tẹ́jú, bí èèyàn bá ti ń sá ju kìlómítà 40 ní wákàtí lọ, púpọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ló ń lò láti la afẹ́fẹ́ kọjá. Ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀yìn ẹnìkejì dáadáa lè dín iṣẹ́ rẹ̀ kù ní bí ìdá 30 nínú 100. Ẹni tó wà láàárín agbo ńlá á dín in kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́rin tó wà níwájú ń pín afẹ́fẹ́ yẹn láàárín ara wọn láti àárọ̀, agbo sì ń pín in láàárín ọ̀pọ̀. Agbo mọ̀ pé ó máa rẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá sì tètè mú wọn, àwọn mìíràn á tún sá jáde, eré á dàrú mọ́ àwọn ikọ̀ tó ní ẹni tó mọ eré ìparí sá lọ́wọ́.

Òṣùwọ̀n kan wà tí wọ́n fi orúkọ Robert Chapatte pè, ọmọ Faransé tó gun kẹ̀kẹ́ kó tó di oníròyìn: agbo tó bá ṣe tán lè gba ìṣẹ́jú 1 padà nínú kìlómítà 10. Nítorí náà, bí àwọn asáájú bá fi ìṣẹ́jú 3 ṣáájú nígbà tó ku kìlómítà 40, wọ́n á mú wọn. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 3 nígbà tó ku 20, ó ṣeé ṣe kí wọ́n bọ́. Òkè máa ń ba ìṣirò yìí jẹ́, torí níbi tí wọn kò bá ti sá eré púpọ̀, sísá sẹ́yìn ẹlòmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́.

O lè wọn èyí látojúde ilé yín. Mú òpó iná kan. Bí táyà iwájú ẹni àkọ́kọ́ bá ti bá òpó yẹn dọ́gba, tẹ aago ìṣẹ́jú-àáyá inú fóònù rẹ. Bí ti ẹni àkọ́kọ́ nínú agbo bá dé ibẹ̀, dá a dúró. Alùpùpù kan tún wà láàárín wọn tí ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ gbé pátákó dúdú tí wọ́n kọ àlàfo náà sí. Kíyè sí àwọn tó ṣáájú agbo. Bí o bá rí mẹ́ta tó wọ jẹ́sì kan náà níwájú, ikọ̀ wọn ló ń ṣe iṣẹ́ lílé lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè mọ ẹni tó kọjá, nígbà tí gbogbo wọn wọ akoto àti awò dúdú? — Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Nọ́ńbà. Ó wà lẹ́yìn wọn níbi ìdí ẹ̀wù àti lára irin kẹ̀kẹ́. Nínú eré ńlá tí ikọ̀ kan ní èèyàn 8, ikọ̀ àkọ́kọ́ á gba 1 sí 8, èkejì 11 sí 18, ẹ̀kẹta 21 sí 28, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá parí sí 1 ló sábà máa ń jẹ́ olórí ikọ̀, nítorí náà bí ẹ bá rí 31 tàbí 51, ẹ tẹjú mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gba 13 máa ń dorí ọ̀kan nínú nọ́ńbà rẹ̀ kodò nítorí ìbẹ̀rù oríburúkú. Ẹ ya ojú ewé orúkọ sínú fóònù ṣáájú ọjọ́ náà.

Àwọ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Ní Tour de France, ẹni tó ṣáájú lápapọ̀ ló ń wọ jẹ́sì yẹ́lò láti ọdún 1919. Ewéko ni ti ẹni tó ní máàkì jù, èyí tó ní àmì pupa tótòtó lára funfun ni ti ọba orí òkè, funfun sì ni ti ọ̀dọ́ tó ń ṣe dáadáa jù. Ní Ítálì, píǹkì ni ti asáájú. Ní Sípéènì, pupa. Ẹni tó bá wọ funfun tí ìlà aláwọ̀ márùn-ún yí àyà rẹ̀ ká, òun ló borí nínú ìdíje àgbáyé.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń din àkàrà àti dùndún lẹ́bàá títì. Ṣé mo lè tajà lọ́jọ́ náà? — Ìjù

ÌDÁHÙN: Ẹ tà á, Ìyá, ọjọ́ ọjà ni. Kìkì pé kí iná àti òróró gbígbóná jìnnà tó mítà 5 sí títì. Bí ẹ bá ta kánópì, ẹ fi àpò iyanrìn tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ẹ̀wà, iṣu àti gáàsì tàbí igi ti dé ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí ọkọ̀ kò ní wọlé mọ́ láàárọ̀. Kí àsíá pupa tó kọjá ni èèyàn á rà. Bó bá ti kọjá, ojú títì ni gbogbo ojú wà. Ẹ din ìdá méjì nínú mẹ́ta kí eré tó dé, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ sílé. Ẹ ní owó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má gbé POS nígbà tí èrò bá pọ̀.

Ohun tó ká wa lára jù ni láílọ́ọ̀nù. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ eré ń gba ara wíìlì kéékèèké méjì tó rọ̀ sábẹ́ gíà ẹ̀yìn. Láílọ́ọ̀nù omi pọ́ńbélé kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ bá gbé síbẹ̀ á wé mọ́ wọn, ṣéènì á há, irin tó gbé gíà dúró lè kán, eré ẹni yẹn sì ti parí nìyẹn. Ẹ gbé garawa tó ní ìdérí síwájú ìsọ̀ yín. Ìwé ni kí ẹ fi di àkàrà.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè ya fọ́tò tó mọ́? — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ìlárá-Mọ̀kín

ÌDÁHÙN: Dúró níbi òkè. Gbé fóònù sí ìbú, tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kó máa ya léraléra, pa iná rẹ̀. Bí ó bá ní ibi tí o ti lè yan eré ìyàwòrán, 1/1000 ìṣẹ́jú-àáyá ni kí o lò. Má wo inú fóònù nìkan nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, torí ohun tó jìnnà lójú fóònù lè ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nínú Tour de France ọdún 1994, ní ìlú Armentières, ọlọ́pàá tó yẹ kó máa ṣọ́ títì ló yọ síwájú láti ya fọ́tò. Wilfried Nelissen kọ lù ú, Laurent Jalabert sì fara pa gan-an pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ Tour de France ọdún 2021, obìnrin kan kọ ẹ̀yìn sí eré, ó na páálí tó kọ̀wé sí síwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n. Tony Martin kọ lu páálí náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ṣubú lé e lórí. Ilé ẹjọ́ ní kí obìnrin náà san owó ìtanràn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé páálí, ẹ gbé e sáyà, kó má kọjá ara yín.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú eré yìí? — Oǹdó

ÌDÁHÙN: Wọ́n wà, wọ́n sì ń borí. Biniam Girmay ará Eritrea ni ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó borí ọjọ́ kan nínú Tour de France, lọ́dún 2024. Ọjọ́ mẹ́ta ló borí lọ́dún náà, ó sì gba jẹ́sì ewéko. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìlú Kigali ní Rwanda gba ìdíje àgbáyé ti ojú títì, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí Áfíríkà. Ní ti Nàìjíríà, Ese Ukpeseraye ló gun kẹ̀kẹ́ fún wa ní Òlíḿpíìkì Paris ọdún 2024. Kẹ̀kẹ́ tí ikọ̀ Jámánì yá a ló fi díje nínú gbọ̀ngán.

ÌBÉÈRÈ: Bí aláboyún bá bẹ̀rẹ̀ sí rọbí nígbà tí títì wà ní dídí ńkọ́? Ìgbà wo ni a sì lè kọjá lẹ́yìn eré? — Nọ́ọ̀sì kan, Ìgbàrá-Òkè

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbé ọkọ̀ sójú títì fúnra yín, pàápàá ẹ má kọjú sí ibi tí eré ti ń bọ̀. Ẹ lọ bá ẹ̀ṣọ́ tàbí ọlọ́pàá tó sún mọ́ yín jù. Wọ́n ní rédíò tí wọ́n fi ń bá ọ̀gá eré sọ̀rọ̀, ó sì lè dá eré dúró tàbí kó rán áḿbúláǹsì rẹ̀ wá. Bí kò bá sí ẹni nítòsí, 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì, 122 sì ni ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó. Obìnrin tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bá ti sún mọ́, kó lọ sùn lápá ibi tí ilé ìwòsàn wà láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì sọ fún un báyìí, ẹ má dúró dọjọ́ náà.

Ní ti kíkọjá, ibí yìí ni jàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀ jù. Agbo á kọjá, àwọn èèyàn á rò pé ó ti tán, wọ́n á ya sójú títì. Kò tíì tán. Ọkọ̀ dókítà, ọkọ̀ àwọn ikọ̀ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lórí wọn, àti áḿbúláǹsì ló ń bọ̀ lẹ́yìn, eré tí wọ́n sì ń sá kì í ṣe kékeré torí wọ́n ń lé agbo bá. Lẹ́yìn wọn, àwọn tí táyà wọn jò á máa bọ̀, àwọn tí òkè já sílẹ̀ náà á máa bọ̀, ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn nígbà mìíràn. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn, torí wọ́n ní àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n má baà yọ wọ́n kúrò. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó ti jáwọ́ ló sábà máa ń wà lẹ́yìn gbogbo wọn. Ọkọ̀ tó gbé àsíá ewéko ló ń parí ìlà. Ẹ jẹ́ kó kọjá tán, kí ẹ dúró títí ọlọ́pàá á fi ṣí títì, kí ẹ tó tú ewúrẹ́ sílẹ̀.